Bíràkẹ́ẹ̀tì AC já kúrò lára ògiri wa ní Kubwa: kí ni ká fi dí ihò yìí kí òjò tó dé?

Ayálégbé Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ògiri ló gbé mi wá.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé ní Kubwa, l'Abuja níbí. Lọ́dún tó kọjá, oníṣẹ́ kan bá wa gbé AC 1.5 HP. Ó fi bóòtù mẹ́rin kan bíràkẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri ìta lábẹ́ fèrèsé yàrá, ó gbé ẹ̀rọ ìta lé e. Kò mì, kò yẹ̀, a sì gbà pé iṣẹ́ parí. Àfi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá tí ìjì tó máa ń ṣáájú òjò fẹ́ wá láti ọ̀nà Dutse tó wà nítòsí wa. A gbọ́ ìró kan, gbì! Nígbà tí mo máa yọjú, bóòtù òkè méjèèjì ti fà yọ, ẹ̀rọ ti dojú kọlẹ̀, páìpù kọ́pà àti wáyà nìkan ló so ó rọ̀. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ilé ìsàlẹ̀ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọlọ́run ló yọ wá, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti wọlé.

A ti fi okùn sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Ihò ló kù. Ti òkè méjèèjì tó ìkúùkù ọmọdé, pilásítà tó yí wọn ká sì ti ṣí tó ojú àwo oúnjẹ. Bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, òkùnkùn ni mo ń rí, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kéré, ìka kan ló lè wọ̀ ọ́. Ògiri náà kì í ṣe èyí tó jọ̀lọ̀ o, pẹ́ńtì oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní textcoat ni wọ́n fi parí rẹ̀, oòrùn sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà.

Kí ni kí n fi dí i? Ṣé a tún lè gbé AC padà sójú ibẹ̀? Báwo la ṣe máa ṣe é tí ojú àpá kò fi ní hàn? Onílé ní kí n tún un ṣe kí oṣù tó parí. Mo fẹ́ ṣe é dáadáa, mi ò fẹ́ èyí tí òjò ọdún tó ń bọ̀ tún máa ṣí.

Bíríkìlà Lugbe

Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe, Lugbe ni mo wà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rẹ́ ilé nílùú Abuja yìí. Òkùnkùn tí ẹ rí nínú ihò yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ yín.

Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án tí a fi ń mọ ògiri ìta kì í ṣe odindi. Ihò ńlá méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí díríìlì oníṣẹ́ yẹn rí gbá mú kò ju awọ búlọ́ọ̀kù lọ, awọ náà kì í sì í ju bí ínṣì méjì lọ. Kì í tilẹ̀ í tó bẹ́ẹ̀ bí oníbúlọ́ọ̀kù bá ti ṣọ́ síménǹtì lò. Pilásítà tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀wù ni. Ẹ̀wù kì í gbé ẹrù.

Rawl bolt tí wọ́n fi kàn án ló tún dá kún un. Bí ẹ bá ń yí nọ́ọ̀tì rẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa fẹ̀ nínú ihò, fífẹ̀ yẹn ló fi ń di ibi tó wà mú. Nínú kọ́ńkéré, ó dára púpọ̀. Nínú búlọ́ọ̀kù oníhò, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń fọ́ awọ tó yẹ kó dì mú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún nọ́ọ̀tì yẹn ni awọ ti sán, pilásítà ni kò jẹ́ kí ẹ rí i.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan ná. Ẹ fi òòlù kékeré kan ara ògiri yí àwọn ihò náà ká, jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí i. Ibi tó bá dún ko-ko-ko ṣì dì mọ́ búlọ́ọ̀kù. Ibi tó bá dún bí ìgbà téèyàn kan akèrègbè òfìfo ti ṣí kúrò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, kí ẹ sọ fún wa bó ṣe fẹ̀ tó.

Ẹnjiníà Gwarinpa

Bíríkìlà ti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi ìdí tó fi jẹ́ pé bóòtù òkè ló já kún un, torí ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní tún kàn án báyìí mọ́.

Ẹ̀rọ ìta AC 1.5 HP máa ń wọ̀n bí kílò 25 sí 40. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ sí, ó tún fẹ́ dojú dé. Bóòtù ìsàlẹ̀ ń ti ògiri, tòkè ń fa ògiri. Bí àárín ẹ̀rọ bá jìnnà sí ògiri tó bí bóòtù òkè ṣe jìnnà sí tìsàlẹ̀, agbára tí àwọn bóòtù òkè fi ń fà tó ìwọ̀n odindi ẹ̀rọ náà. Kílò 35 kò pọ̀. Àmọ́ ẹ ro gbígbọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn, lójoojúmọ́, fún odindi ọdún kan. Ẹ ro ìjì mọ́ ọn. Ẹ wá ro ọmọ oníṣẹ́ tó wá fọ AC mọ́ ọn, tó gun orí ẹ̀rọ, tó jókòó lé e bí ẹni tó gun ọ̀kadà. Mo ti rí ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà ní àdúgbò wa, àyà mi sì máa ń já. Àkàbà ni kí wọ́n lò, kò sí bíràkẹ́ẹ̀tì ara búlọ́ọ̀kù tó yẹ kí èèyàn gùn.

Nítorí náà, ẹ má gbé e padà síbẹ̀. Ẹ wá kọ́ńkéré lọ. Òkè lẹ wà, dẹ́kìn lẹ ń tẹ̀, bíìmù kọ́ńkéré ló sì gbé dẹ́kìn yẹn dúró lórí ògiri. Bí ẹ bá wo ògiri láti ìta, bíìmù yẹn wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yàrá yín, láàárín fèrèsé yín àti fèrèsé ilé ìsàlẹ̀. Píìlà náà wà, igun ilé ni ẹ ti máa ń rí i. Ẹ̀rọ ìta lè wà nísàlẹ̀ ju ti inú yàrá lọ, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, kí páìpù ṣáà má gùn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti bá kọ́ńkéré? Ẹ fi bíìtì 6 mm lu ihò kékeré kan wò. Bí eruku tó ń jáde bá rí bíi yanrìn, tí díríìlì sì ṣàdédé jìn sínú, búlọ́ọ̀kù ni. Bó bá jẹ́ eruku eérú tó kúnná, tí díríìlì ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó ń kọlu òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ńkéré ni. Bó bá kọ̀ jálẹ̀ tó ń dún kíkan, irin lẹ bá. Ẹ má jà á. Ẹ sún ibẹ̀ ní ínṣì kan tàbí méjì.

Ìyá Ìbejì Nyanya

Ẹ má fi ihò yẹn falẹ̀ o, mo bẹ̀ yín. Irú ẹ̀ ló fi àwọn ọmọ mi ṣe wàhálà lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Níbi tí páìpù AC ti wọlé ni tiwa. Ẹni tó gbé e ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú ihò, ó fi síménǹtì pa ojú rẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́. Láti ìta, ẹ ò lè mọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, ògiri yàrá àwọn ìbejì ti dúdú láti ìsàlẹ̀ fèrèsé délẹ̀, ó ń rùn, ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́ lálaalẹ́. A pààrọ̀ pẹ́ńtì inú lẹ́ẹ̀mejì, dúdú náà tún ń padà. Ìgbà tí a tú ihò yẹn ni a rí i pé ìwé inú rẹ̀ ti di ẹ̀tù, omi ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù. Ihò náà dagun sínú, dípò kó dagun síta. Omi òjò kúkú rí ọ̀nà.

Aládùúgbò wa náà fi ihò bóòtù dííṣì sílẹ̀ láìdí, oyin ló wọ inú búlọ́ọ̀kù lọ kọ́ afárá. Ilé náà ò ṣeé gbé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè tèmi: fóòmù tí wọ́n ń fín látinú agolo yẹn ńkọ́, ṣé ó tó láti dí ihò páìpù?

Ẹnjiníà Gwarinpa

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Fóòmù dára fún inú ihò, kò dára fún ojú rẹ̀. Oòrùn ìlú yìí kì í pẹ́ jẹ ẹ́: á pọ́n, á gbẹ, á máa wó bí àkàrà àná. Ẹ fín in sínú, ẹ jẹ́ kó le, ẹ gé e wọlé ní bí ínṣì kan, kí ẹ wá fi síménǹtì àti yanrìn pa ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi sìlíkóònù ta yí páìpù náà ká. Bí ẹ bá tún fẹ́ lu ihò páìpù mìíràn, ẹ jẹ́ kó dagun síta díẹ̀, bí ẹ ṣe sọ.

Ayálégbé Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kàn án. Ibi tó ń dún bí akèrègbè tó ìbú apá mi kan, ó so ihò òkè méjèèjì pọ̀. Ó ya mí lẹ́nu, torí ojú lásán ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ le koko.

Bíríkìlà Lugbe

Bí mo ṣe rò ó ni. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀ kà á, èyí ni iṣẹ́ gan-an.

Gbogbo ibi tó ń dún bí òfìfo gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀. Ó máa dun yín láti fọ́ ibi tó dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́ tuntun mọ́ èyí tó ti ṣí, ẹ ti so alààyè mọ́ òkú. Ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé etí rẹ̀ ní ìlà, kí ẹ má jẹ́ kó rí jágajàga. Kí ẹ gé etí náà wọ abẹ́, kí inú fẹ̀ ju ojú lọ díẹ̀, bí ẹnu ìkòkò. Bí tuntun bá ti le tán, etí yẹn ló máa há a mọ́.

Ẹ wá fi bírọ́ọ̀ṣì wáyà ha ojú búlọ́ọ̀kù títí eruku á fi tán. Eruku ni ọ̀tá. Mo ti rí iṣẹ́ olówó ńlá tó ṣí nítorí eruku.

Ihò tó jìn yẹn, ẹ má ki ìwé sí i, ẹ má ki ọ̀rá sí i, Ìyá Ìbejì ti sọ ohun tó ń dà. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ lò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ pa síménǹtì yí i ká, ẹ tì í wọ inú ihò títí á fi há. Ẹ fi síménǹtì dí àyíká rẹ̀, kó wọlé sí ojú búlọ́ọ̀kù díẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ni kò lè dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n á rọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á wúwo, á ṣe ikùn sísàlẹ̀, wọ́n á sì máa bú síménǹtì.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ bo ojú ibi tí ẹ dí, kó kọjá etí rẹ̀ ní bí ínṣì mẹ́ta, ẹ fi ìṣó kékeré dè é mọ́ búlọ́ọ̀kù. Òun ni kò ní jẹ́ kó sán lójú ibi tí tuntun àti àtijọ́ ti pàdé.

Lẹ́yìn náà, omi. Ẹ fọ́n omi sí ògiri títí á fi mu ún dáadáa, kí ẹ dúró kí ojú rẹ̀ fà á, kó tutù ṣùgbọ́n kó má máa kán. Búlọ́ọ̀kù gbígbẹ á fa omi inú síménǹtì yín kí síménǹtì tó jẹ omi tirẹ̀, ohun tó bá kù á di ìyẹ̀fun. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn oṣù kan, yanrìn ló máa bọ́ sí yín lọ́wọ́. Nínú ọyẹ́, èyí burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, èmi kì í rẹ́ ògiri ìta lọ́sàn-án, àárọ̀ kùtù ni, màá sì fi àpò tútù bò ó. Ìgbà tí ẹ wà yìí, tí òjò ń bọ̀, tí afẹ́fẹ́ ti ní omi díẹ̀, ó sàn. Ẹ kàn ṣọ́ ọ kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní tapólì nílé.

Ìwọ̀n pípò: síménǹtì kan, yanrìn mẹ́rin. Kì í ṣe kan sí méjì tí àwọn kan máa ń ṣe pé kó le. Bó bá le ju ti àtijọ́ lọ, á súnkì, á fa ara rẹ̀ kúrò. Kí yanrìn mọ́, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ síménǹtì náà kì í ṣe ọ̀kan: nọ́ńbà agbára rẹ̀ wà lára àpò. Lọ́dún 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, ti sọ pé kí a fi 32.5 mọ sí iṣẹ́ rírẹ́, kí a máa lo 42.5 fún búlọ́ọ̀kù àti iṣẹ́ kọ́ńkéré. Fún ti yín, èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣe é, kó ṣáà má jẹ́ èyí tó ti ń di kókó nínú àpò. Ẹ má ra odindi àpò, wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà. Bí ẹ bá rí omi bọ́ǹdì funfun tí wọ́n ń pè ní SBR rà, ẹ pò ó mọ́ síménǹtì lásán, ẹ fi kùn ojú búlọ́ọ̀kù ṣáájú, kí ẹ rẹ́ lé e kó tó gbẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa rẹ́ ẹ. Ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ nípọn ju ìdajì ínṣì lọ. Kó tó le, ẹ fi ìṣó ha á kó ní ìlà-ìlà kí èkejì lè rí nǹkan dì mú. Ọjọ́ kejì, ẹ rẹ́ èkejì, kó wọlé ju ojú textcoat lọ díẹ̀, torí textcoat náà ní ìnípọn tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje gbáko. Ìdí rèé tí mi ò fi ń gba kí wọ́n sanwó fún mi tán lọ́jọ́ iṣẹ́: mo fẹ́ padà wá wò ó.

Ọmọ Mararaba

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ṣé gbogbo ìnira yìí pọn dandan? Ní ọ̀dọ̀ wa, síménǹtì POP la fi dí ihò ìta, wákàtí kan ó ti le. Bí a bá sì fẹ́ kan nǹkan, a máa ń gbẹ́ igi kékeré, a gbá a wọ ihò, a fi ìṣó kàn án.

Bíríkìlà Lugbe

Àbúrò, mi ò bínú, ìbéèrè dáadáa ni. POP kò fẹ́ràn omi. Ilé ni tirẹ̀, ìta kọ́. Òjò méjì, mẹ́ta, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ní ti igi, òjò á mú un wú, ọ̀gbẹlẹ̀ á mú un sún, ihò á máa fẹ̀ sí i. Ikán àdúgbò yìí ńkọ́? Mo ti fa igi irú bẹ́ẹ̀ yọ ní Karu, ìyẹ̀pẹ̀ ikán lásán ló kù nínú ihò, ìṣó ń mì bí eyín arúgbó.

Fún nǹkan tó fúyẹ́, kámẹ́rà, iná ìta, páìpù wáyà, rawl plug oníke tó bá gùn dáadáa tó. Ẹ pa gbígbá díríìlì, ẹ jẹ́ kó máa yí nìkan, torí gbígbá ló ń fọ́ awọ búlọ́ọ̀kù láti inú. Okùn tí a ń sá aṣọ sí ni ẹ má fojú kéré. Aṣọ tútù wúwo, okùn sì ń fa ògiri síta. Ara píìlà ni kó wà, tàbí kí ẹ ri irin mọ́lẹ̀ fún un.

Oníná Karu

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé díríìlì: ẹ wo inú yàrá ní ìhà kejì ògiri yẹn. Ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ṣúìṣì bá wà, páìpù wáyà gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ má lu ihò sí ọ̀gangan ìlà yẹn. Kí ẹ sì pa iná láti ojú mítà. Nísinsìnyí tí oòrùn àti ínfátà pọ̀ nílé, àwọn èèyàn á ní "wọ́n ti mú iná lọ", wọ́n á fọwọ́ kan wáyà, bẹ́ẹ̀ ínfátà ṣì ń gbé iná wọ inú ògiri. Ẹ pa ìyẹn náà.

Ọmọ Ìlọrin ní Zaria

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀nà díẹ̀. Inú ìlú Zaria ni mo ti háyà ilé, ilé àtijọ́ ni, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n wá fi síménǹtì rẹ́ ẹ níta. Mo fẹ́ kan dííṣì mọ́ ọn. Ìgbà tí mo lu ihò àkọ́kọ́, pilásítà tó tó ojú ilẹ̀kùn kan ṣí wálẹ̀. Ojú ń tì mí sí onílé. Kí ni mo ṣe ní àṣìṣe?

Àgbà Kaduna

Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo ti gbé ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi ló gbé wa wá, mo sì ti rí bí àwọn mọlémọlé Hausa ṣe ń ṣe é.

Ògiri yẹn, tubali ni wọ́n fi mọ ọ́: amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní ṣóńṣó, tí wọ́n sá gbẹ sínú oòrùn. Ó nípọn, ó tutù, ó sì ń mí. Láyé àtijọ́, amọ̀ náà ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, wọ́n á fi makuba pò ó. Makuba ni omi tí wọ́n rí láti ara èèpo èso igi dorowa, igi tí àwa ti ń rí irú, òun ni kì í jẹ́ kí òjò tètè fọ amọ̀. Wọ́n á tún un rẹ́ láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí síménǹtì dé, àwọn èèyàn rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọdọọdún. Ṣùgbọ́n síménǹtì le, amọ̀ rọ̀. Ọ̀rinrin tó wà nínú amọ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ẹ̀yìn síménǹtì á máa rọ̀, á ku awọ níta, òfìfo lẹ́yìn. Díríìlì rẹ kàn gbọ̀n ọ́n ni.

Má kan nǹkan tó wúwo mọ́ ọn. Ri páìpù irin mọ́lẹ̀ lágbàlá, fi kọ́ńkéré dì í, gbé dííṣì lé e. Ibi tó ṣí, bẹ onílé kí ó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ amọ̀, kí ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ.

Ohun kan tún wà. Bí o bá rí i pé ògiri náà sán, tí ìlà rẹ̀ ń gùn sí i tàbí tó ń fẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síménǹtì pa á rẹ́. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà ní Zaria níbẹ̀, èyí tí Babban Gwani Mikhaila mọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, apá kan rẹ̀ wó lé àwọn tó ń kírun Àsárì, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìròyìn ìgbà náà ní wọ́n ti rí i pé ó sán kó tó wó. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹnjiníà Gwarinpa

Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tó lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé búlọ́ọ̀kù náà ní irú rẹ̀, Bàbá. Sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lára pilásítà, gbígbẹ ló fà á, pẹ́ńtì lè bò ó. Èyí tó bá ń gun búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó kọ́bọ̀ lè wọ̀ ọ́, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí orí àti ìdí rẹ̀, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá ìlà yẹn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má pe bíríkìlà, ẹnjiníà ni kí ẹ pè.

Akùnlé Dei-Dei

Ọ̀gá Kubwa, ẹ má kùn ún kíákíá o. Síménǹtì tuntun máa ń jẹ pẹ́ńtì. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ fún un. Ẹni tó bá kùn ún lọ́sẹ̀ kan á rí i tó ń funfun láàárín, tó ń bó.

Ní ti àwọ̀, ẹ gé èérún textcoat náà, kó tó ojú owó kọ́bọ̀, láti ibi tó sún mọ́ ihò. Ẹ mú un wá sọ́jà Dei-Dei, wọ́n á fi ẹ̀rọ wá àwọ̀ tó bá a mu. Ẹ má sọ pé "wàrà" lẹ́nu, wàrà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, mi ò ní tàn yín: bí ẹ bá kùn ojú àpá nìkan, ó máa hàn, ẹni tó ń kọjá á rí i. Ẹ kùn ún láti igun ilé dé igun ilé, kí ojú má rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Hóró-hóró ojú textcoat yẹn, fóòmù rírọ̀ (kì í ṣe ti inú agolo) la fi ń tẹ̀ ẹ́, a kì í fi bírọ́ọ̀ṣì fà á. Ẹ dán an wò lórí pákó ná títí á fi jọ ti ògiri.

Ayálégbé Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti fẹ́ máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mo ní kí n ṣe é tán.

Bíríkìlà kan ládùúgbò wa bá mi ṣe é. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí i létí, kò sì bínú, ó ní ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ náà máa ń sọ ọ́. A gé gbogbo ibi tó ti ṣí. Ẹ wò ó, búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti là sí méjì láti ihò bóòtù kan dé èkejì, bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́. A dí i, a fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá. Ọmọ mi obìnrin ló ń fọ́n omi sí i láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Òjò ńlá méjì ti rọ̀. Mo fọwọ́ pa inú yàrá lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbígbẹ ni.

AC ti wà lára bíìmù báyìí. Bíìtì kékeré la kọ́kọ́ fi wá a, ẹ̀ẹ̀mejì la bá búlọ́ọ̀kù, ẹ̀kẹta ni eruku eérú jáde. A bá irin lẹ́ẹ̀kan, a sì sún un. Àwọn ihò ìdánwò yẹn náà, a ti dí wọn. Mo ti kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé pé ẹni tó bá wá fọ AC kó mú àkàbà wá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ 28 pé. Akùnlé, èérún textcoat náà ti wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Mò ń bọ̀ ní Dei-Dei láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.